Ta Ló Dára?

Tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun lé ìyá àgbà lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n ní "Dára" lorúkọ ẹ̀, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu màmá: "Ta ló dára?" Àwọn òbí á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé màmá ń ṣàwàdà. Màmá ò ṣàwàdà rárá. Létí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú, dára nìkan kì í ṣe orúkọ, ìparí gbólóhùn ni, ó sì ń retí ẹni tó ni ín. Ṣé Olúwa ló dára ni, àbí adé? Ṣé ó dára sí wa ni, àbí ó kàn dára láyè ara ẹ̀? Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbé ìrù ẹran wálé, tó fi orí ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà.

Síbẹ̀, orúkọ ọ̀hún ń rìn. Wọ kíláàsì jẹ́léósinmi kan ní Ṣàgámù tàbí ní Ìlíṣàn, kó o pe "Dara", kò ní yà mí lẹ́nu tó bá ju ọmọ kan lọ tó gbójú sókè. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ọmọ Alárè tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Dublin bá kó ẹbí wálé, wàá gbọ́ ọ láàárín ìlù, tí ìyá kan ń fi ohùn tó ti pẹ́ lókè òkun pe ọmọ ẹ̀ kúrò níwájú ẹṣin àwọn ìdílé Balógun.

Olúwadárasími ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́ gan-an. Àwọn mìíràn jẹ́ Olúwadára. Ohun tí màmá ń béèrè ni ibi tí orí yẹn wọlẹ̀ sí.

Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kì í fi orí orúkọ ṣeré, torí orí yẹn ni ìdílé fi ń dá ara wọn mọ̀. Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́, awo ló wà lórí ẹ̀. Ṣóyinká ti Ìsarà, òṣó ni. Odùkọ̀yà, odù ni. Kó o tó gbọ́ ìyókù orúkọ, o ti fura sí ohun tí àwọn baba ńlá ilé náà ń ṣe tàbí ohun tí wọ́n ń bọ. Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítì dé, orí yìí náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé kọ́kọ́ pààrọ̀: Fágbèmí di Olúgbèmí, Èṣùbíyìí di Olúbíyìí, ìyókù gbólóhùn ò sì yí padà. Ìran tó tẹ̀ lé wọn fa Olú gùn, ó di Olúwa. Ìran tiwa wá gé e sọ nù pátápátá, ó ku Dára. Ẹni tó bá fi ojú yìí wò ó á rí i pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló bí orúkọ kúkúrú. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń ṣiṣẹ́ lórí orí orúkọ wa.

Àròyé kan ni mo ní sí Olúwa gẹ́gẹ́ bí orí: kò ní ìlú. Olúwadárasími lè ti Kàbà wá, ó lè ti Ọ̀yọ́ wá, kò sí ohun tó máa sọ fún ọ pé Òde-Rẹ́mọ ni. Bí bàbá ọmọ bá ń jẹ́ Odùkọ̀yà, orúkọ ìdílé á gbé ilé dání. Bí bàbá bá jẹ́ ará Ireland ńkọ́, tó jẹ́ pé ìyá nìkan ló ti Ìpẹru wá? Dára nìkan ni gbogbo Yorùbá tó kù lára ọmọ yẹn, Dára ọ̀hún sì nìyí, àwọn ará Ireland náà ní tiwọn. Ká má tíì débẹ̀.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òbí òde òní ń wo pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni orúkọ yìí: d, a, r, a. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ tí kọ̀ǹpútà máa gé ìdí ẹ̀. Kò sí gb, kò sí p wa yìí tó jẹ́ pé ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló jọ ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ọpẹ́ tó jẹ́ ìdúpẹ́, tí wọ́n bá ti gba àmì lára ẹ̀, Ope ló kù, ọmọ Yorùbá tó bá kà á lójijì á kà á sí òpè. Gbénga á di "Jí-béńgà" lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Dára ò ní ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹ̀, àfi àmì ohùn kan ṣoṣo tó wà lórí a àkọ́kọ́.

Àmì kan yẹn náà kì í ṣe kékeré o. Dára, mí-re lójú onílù, ni kí nǹkan suwọ̀n. Dárà, mí-dò, ni dá àti àrà tí wọ́n wọnú ara wọn: kí èèyàn gbé ohun tí wọn ò rí rí jáde, bí ẹlẹ́ṣin tó ń dárà níwájú ọba, tó mú kí ẹṣin dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Tí a bá kọ "Oluwadara" sílẹ̀ láìsí àmì, ta ló mọ èwo ni? Olúwadára ni Ọlọ́run jẹ́ ẹni rere. Olúwadárà ni Ọlọ́run ṣe ohun àrà. Obìnrin tó ti wojú ọmọ títí kó tó rí, ó lè jẹ́ èkejì ló wà lọ́kàn ẹ̀. "Adedara" náà ń bẹ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó jẹ́ àyàfi ará ilé.

Ní báyìí, ẹ gbé orúkọ náà fún ẹlẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Sílébù tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú èdè wọn ló máa ń ga, èyí tó tẹ̀ lé e á já wálẹ̀. Nítorí náà, Dárà ni wàá máa gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan tiẹ̀ ń pè é bí ẹni pe Sarah: "Dẹ́rà". Ọmọ tí wọ́n sọ ní ohun tó dára nílé á di ẹni tó dá àrà ní iléèwé. Nínú gbogbo ohun tí ahọ́n àlejò lè fi orúkọ Yorùbá ṣe, èyí ló tutù jù. Tí olùkọ́ bá fẹ́ kọ́ ọ dáadáa, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ohùn òkè àti ohùn àárín dà á láàmú. Ẹ ní kó pe orúkọ náà bí ẹni tí kò tíì parí ọ̀rọ̀, tó ṣì ní nǹkan tó fẹ́ fi kún un. Ohùn ẹ̀ kò ní já sísàlẹ̀ mọ́, á bọ́ sí Dára gan-an. Ó kúkú jẹ́ òótọ́, gbólóhùn náà ò tíì parí.

Ó wá ku àwọn tó ni orúkọ yìí láìgbọ́ Yorùbá rí.

Ní Ireland, dair ni wọ́n ń pe igi óákù, tí wọ́n bá sì fẹ́ sọ pé nǹkan jẹ́ ti igi náà, dara ló ń dà. Ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Kildare, Cill Dara ni lédè wọn, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì igi óákù. Mac Dara, ọmọ igi óákù, ni ẹni mímọ́ tí àwọn apẹja Connemara gbára lé. Ọjọ́ 16 oṣù July ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ẹ̀, àṣà wọn sì ni pé ọkọ̀ tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ erékùṣù ẹ̀ á rẹ ìgbòkun sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá ti rí bí ẹgbẹ́ régberégbe ṣe ń wólẹ̀ kí ọba kò ní béèrè ìtumọ̀. Tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ ẹ lọ́hùn-ún, bíi tiwa. Dara Ó Briain, aláwàdà tí wọ́n mọ̀ dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin ni. Nǹkan méjì ni kí òbí tó ń gbé Dublin mọ̀. Èkíní, tí ẹ bá fi àmì wa sí i, tí ẹ kọ Dára, àmì yẹn kì í ṣe ti ohùn lójú àwọn ará Ireland, fífa a gùn ló ń tọ́ka sí, wọ́n á máa pe ọmọ yín ní ohun tó jọ "Dọ́ọ̀rà". Èkejì, an dara lédè wọn tún ni "ìkejì". Àkọ́bí tó ń jẹ́ Dara á fara da ẹ̀fẹ̀ díẹ̀.

Ní Cambodia, ìràwọ̀ ni dara, láti inú tārā ti èdè Sanskrit. Ní Thailand náà ìràwọ̀ ni, ó sì tún jẹ́ gbajúmọ̀ òṣèré. Kò sí ẹni tí ìyẹn máa bí nínú.

Ti Páṣíà ló dùn mọ́ mi jù. Dara lọ́hùn-ún ni ìkékúrú Dáríúsì, ọba tó wà nínú ìwé Dáníẹ́lì. Nínú èdè Páṣíà àtijọ́, orúkọ gígùn náà jẹ́ gbólóhùn bíi tiwa: ẹni tó di rere mú ṣinṣin. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, apá àkọ́kọ́ ni "dì mú", apá kejì ni "rere". Apá ìkẹyìn ni àwọn yẹn gé dànù, ni rere bá bá a lọ, "dì mú" ló kù. Àwa gé orí, rere ló kù, a ò mọ ẹni tó ni ín mọ́. Dara Shikoh, àkọ́bí ọkùnrin Shah Jahan ọba Mughal ní Íńdíà, tí wọ́n bí ní 1615 tí wọ́n sì pa ní 1659, irú Dara yìí ló jẹ́. Dara Khosrowshahi náà, tí wọ́n bí ní Tehran, tó ti ń darí Uber láti 2017, tiwọn ni, kì í ṣe tiwa, bó ti wù kí awakọ̀ tó ń lo áàpù náà ní Èkó rò.

Pásítọ̀ tó bá ní òun fẹ́ orúkọ Bíbélì ni kí ẹ ṣí Kíróníkà Kìíní 2:6 fún: Dara ni ìkẹyìn nínú àwọn ọmọ Sera márùn-ún, ìran Júdà. Ìkànnì tó bá sọ fún yín pé "péálì ọgbọ́n" ni ìtumọ̀ ẹ̀, ẹ bi í pé níbo ló ti rí i, nítorí Bíbélì dárúkọ ọkùnrin náà ni, kò túmọ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá ń wá orúkọ Bíbélì tó ní Olúwadára nínú ní tòótọ́, Tobáyà ni kó wá. Ohun tí Tobáyà túmọ̀ sí lédè Hébérù gan-an nìyẹn, pé Olúwa dára, Tobias náà sì ti ibẹ̀ wá. Àwọn ará Jámánì ń gé Tobias sí Tobi, àwa náà ń gé Olúwatóbi sí Tóbi, orúkọ méjì tó jọra tí wọn ò mọ ara wọn rí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Tobáyà inú ìwé Nehemáyà ló ń fi odi Jerúsálẹ́mù ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sí òbí tó fẹ́ ìyẹn.

Nítòsí ilé ni ọ̀rọ̀ ti ń nípọn. Lédè Ìgbò, dara ni "ṣubú" tó ti kọjá. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú bá fẹ́ ọmọ Ìgbò, tí ẹ dìde láàárín àwọn àna tí ẹ ní Dara lẹ fẹ́ pe ọmọ, ohun tí àgbàlagbà kan máa gbọ́ ni pé ọmọ ṣubú. Ẹlòmíràn á rántí ụdara, àgbálùmọ̀ tiwọn. Gbogbo orúkọ ni kí ẹ pè níwájú wọn, Olúwadárasími, kí ẹ túmọ̀ ẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gé e. Lọ́dọ̀ Hausa, dara ni eré ayò kan: ihò 30 ní ìlà márùn-ún, mẹ́fà-mẹ́fà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, òkúta 12 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá to mẹ́ta lórí ìlà kan á mú ọ̀kan nínú ti ẹnìkejì ẹ̀. Àwọn Hausa Sàbó ní Ṣàgámù, tó jẹ́ obì Rẹ́mọ ló gbé bàbá ńlá wọn wá, ẹ̀rín músẹ́ ni wọ́n á fi gba orúkọ yẹn. Ọkùnrin tó bá ń jẹ́ Dara, tó lọ kàwé ní Malaysia, á ṣe àlàyé díẹ̀, torí anak dara lédè wọn ni wúńdíá. Lédè Sípéènì, dará tó ní àmì lẹ́yìn ni "yóò fúnni". Ẹ ò ní bínú sí ìyẹn.

Ibi tí a ti lè fún orúkọ yìí lórí ni ibi ìsọmọlórúkọ fúnra ẹ̀. Omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó àti ataare, wọ́n ṣì wà nílẹ̀. Ohun tó sábà ń lọ lọ́wọ́ òbí ni ìgbà tí àwọn ẹbí bá ń sọ owó sínú abọ́, tí kálukú ń fún ọmọ ní orúkọ tiẹ̀. Mẹ́jọ, mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ń pariwo, fídíò ń yí ojú sí akọrin, ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, orúkọ tí ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà sọ ọmọ, èyí tó ní odù tàbí ọnà lórí, ti di àwátì. Ẹ fi ọmọ kan tó mọ̀wé kọ ti ìwé àti kálàmù síbẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni kó fà sójú ewé: orúkọ ní kíkún pẹ̀lú àmì, ẹni tó sọ ọ́, ìdí tó fi sọ ọ́. Bí àgbàlagbà bá yára sọ̀rọ̀, kó bẹ̀ ẹ́ kó tún un pè. Inú ìwé yẹn lẹ ti máa mú orúkọ kejì tó máa gbé ilé dání. Ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí ò yàtọ̀ púpọ̀: níbi akíkà, lẹ́yìn àgbò méjì fún ọkùnrin tàbí ẹyọ kan fún obìnrin, Alfa á pe orúkọ Lárúbáwá, Dára á sì bọ́ sẹ́yìn ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù, ibẹ̀ ni ojú ti ń pọ́n àwọn òbí. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ọmọ kan náà jẹ́ "Dara" lórí káàdì ọsibítù, "Darasimi" ní iléèwé, "Oluwadarasimi" lórí ìwé-ẹ̀rí ìbí. Láti 2021 ni JAMB ti ń béèrè NIN, orúkọ tó bá sì wà lórí NIN ló máa bọ́ sórí fọ́ọ̀mù. Tí ti WAEC bá yàtọ̀, ìwé ìbúra ní kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ló kàn. Orúkọ ní kíkún ni kó wọ ìwé-ẹ̀rí ìbí, kí ẹ sì da ẹ̀dà ẹ̀ kọ síbi gbogbo, lẹ́tà sí lẹ́tà. Dára tó kúrú, ẹnu ló wà fún.

Ẹ má fi àyè sáàárín Oluwa àti Darasimi. Mo mọ̀ pé ó rẹwà lójú lórí ìwé ìpè. Fọ́ọ̀mù òkè òkun á kà á sí orúkọ méjì, á mú àkọ́kọ́ ṣe orúkọ ìpè, á sì gbé èkejì sí ibi tí wọn kì í kà. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe ń di "Oluwa" nínú rẹ́jísítà nìyẹn, tí olùkọ́ ń kígbe pé, "Oluwa, jókòó!"

Páṣípọ́ọ̀tù náà ní òdiwọ̀n. Ní ìlà àkọ́kọ́ nínú ìlà méjì tí ẹ̀rọ ń kà nísàlẹ̀ ojú ewé fọ́tò, àyè 44 ló wà, márùn-ún ti lọ fún irú ìwé àti orílẹ̀-èdè, 39 ló ṣẹ́kù fún gbogbo orúkọ. Ẹ jẹ́ ká kà á: Odukoya jẹ́ 7, àmì méjì tó pín in níyà, Oluwadarasimi 13, àmì kan, Adedoyin 8. Ó di 31, ó wọlé. Ẹ wá fi Oluwafunmilayo kún un, lẹ́tà 14 àti àmì kan, ó ti di 46. Ẹ̀rọ á gé e. Ẹ ka lẹ́tà kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà, ìṣẹ́jú kan ni yóò gbà yín.

Àwọn tó fẹ́ mọ bí orúkọ yìí ṣe ń pọ̀ sí i lókè òkun lè wò ó fúnra wọn. Àjọ oníṣirò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ONS, ń gbé àkójọ orúkọ ọmọ tuntun jáde lọ́dọọdún, orúkọ tí ọmọ mẹ́ta ó kéré tán bá jẹ́ á wà níbẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, márùn-ún ni òdiwọ̀n wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ìtàn tí iye yẹn ń sọ. Bí wọ́n bá ṣe kọ orúkọ ni wọ́n ṣe ń kà á, Dara, Darasimi, Oluwadara àti Oluwadarasimi jẹ́ orúkọ mẹ́rin lójú wọn. Ọmọ tí ẹ ń pè ní Dára lójoojúmọ́ kò sí lórí ìlà Dara bí ìwé-ẹ̀rí ẹ̀ bá jẹ́ Oluwadarasimi. Dara tó wà lórí ìlà yẹn pàápàá, ẹni tó ti Connemara wá, ẹni tó ti Phnom Penh ní Cambodia wá àti ẹni tó ti Ìkẹ́nnẹ́ wá ló jọ wà nínú àpò kan. Iye ò béèrè "ta ló dára?"

Àmì ohùn kò ní dé orí páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Àmọ́ ó lè dé ibi tó kù. Ẹni tó ń tẹ báńà á sọ fún yín pé ẹ̀rọ òun ò ní àmì Yorùbá. Òótọ́ ló lè máa sọ tó bá jẹ́ ẹ́ tàbí ọ́ ni, torí kọ̀ǹpútà ò ní lẹ́tà ẹyọ kan fún wọn, ṣe ló ń to àmì lé lẹ́tà lórí, irú lẹ́tà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ lórí báńà sì máa ń já a sílẹ̀, á wá fi àpótí òfìfo síbẹ̀. Ti lẹ́tà "á" yàtọ̀. Lẹ́tà ẹyọ kan ni, Sípéènì àti Ireland ń lò ó, kò sí fóònù tí kò ní in. Ẹ tẹ lẹ́tà "a" mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ẹ má tètè yọwọ́, á yọ jáde. Ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó dà á kọ, kí ẹ sì rí i pé a àkọ́kọ́ ló gbé e lé. Abọ́ tí ẹ máa fi ṣe ìpín fún àlejò ńkọ́, àti tówẹ́lì, àti ìwé ìpè? Ìjọba ò ní lẹ́tà 39 fún abọ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, Olúwadárasími, kí ìyá àgbà rí orí ẹ̀.